Ta ni mò ń tanná fún? Àkọsílẹ̀ nípa mítà méjì àti ìyípadà mẹ́ta

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí onílé tó wá pín in sí fúláàtì méjì. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló ń gbé lókè. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń dá gbé, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, alẹ́ ló sì máa ń lọ jù. Gáàsì ló fi ń se oúnjẹ, gáàsì náà ló fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Ohun tó ń fi iná ṣe kò ju gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Síbẹ̀, lójú bíìlì, ó ń jó nǹkan bíi yúníìtì 4,300 lọ́dún.

Iye yẹn pọ̀. Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà iná àti gáàsì ní Bìrìtéènì, ní òṣùwọ̀n tó fi ń wo bí àwọn ilé ṣe ń lo iná. Bó ṣe rí lọ́dún 2024 nìyí: yúníìtì 1,800 lọ́dún fún ilé tí kì í lò ó púpọ̀, 2,700 fún èyí tó wà láàárín, 4,100 fún ilé tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gbé. Obìnrin kan ṣoṣo yìí ń jó ju ilé èèyàn márùn-ún lọ. Gbogbo ẹni tó bá rí ló ń bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń tanná fún?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún un, kó lọ sọ́dọ̀ èyí tó dínwó.

Ìmọ̀ràn yẹn bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tó bá mọ bí ọjà náà ṣe rí. Òfin gáàsì ti ọdún 1986 àti òfin iná mànàmáná ti ọdún 1989 ló gba ọjà yìí kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Láàárín 1996 sí 1998 ni wọ́n ṣí ti gáàsì sílẹ̀ fún ilé gbígbé, ti iná sì tẹ̀ lé e láàárín 1998 sí 1999. Láti ìgbà yẹn, oníkálukú ló ń yan ẹni tí yóò máa ta iná fún un. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní 2021 àti 2022, nǹkan bí ilé iṣẹ́ 30 ló kógbá sílé, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní iye tó dín sí gbèdéke owó tí Ofgem gbé kalẹ̀ láti January 1, 2019, ìyẹn iye tí ilé iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ tà á kọjá fún ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn ọlọ́dún kan. Nígbà tó fi máa di 2024, àwọn ilé iṣẹ́ ti tún ń fi iye owó tí kò ní yí padà fún ọdún kan fa ojú oníbàárà mọ́ra. Gbèdéke October ọdún yẹn jẹ́ pẹ́ńsì 24.5 fún yúníìtì iná kan, ní ìpíndọ́gba, fún ẹni tí báǹkì ń bá sanwó lóṣooṣù. Obìnrin náà rí ilé iṣẹ́ kan tó fi bíi pẹ́ńsì 2 dín sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wéré. Pẹ́ńsì 2 lórí yúníìtì 4,300 jẹ́ £86 lọ́dún. Owó gidi ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan. Bí yúníìtì ṣe pọ̀ tó ló ń bi wọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan níbí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí èèyàn bá yí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún un padà, kò sẹ́ni tó máa wá sílé rẹ̀. Waya kò yí padà, ilé iṣẹ́ tó ni waya kò yí padà, mítà kò kúrò lójú kan. Àkọsílẹ̀ nìkan ló ń yí: mítà tó ń jẹ́ nọ́ńbà báyìí báyìí, lágbájá ló ń ta iná sí i tẹ́lẹ̀, làkásègbè ló kàn báyìí. Nọ́ńbà ọ̀hún ní díjíìtì 13 tó bá jẹ́ ti iná. Ti gáàsì kì í dín ní 6, kì í sì í ju 10 lọ. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ tí ọjà mọ̀. Àdírẹ́sì kàn jẹ́ ohun tí ẹnì kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà kan rí, bóyá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mítà sílé, bóyá nígbà tí ilé náà ò tíì ní nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ìyípadà àkọ́kọ́, ọmọ àbúrò obìnrin náà ló jókòó tì í. Wọ́n tẹ póósíkóòdù, àwọn àdírẹ́sì jáde. Flat 2 ni àwọn tó ń kó lẹ́tà ń pe fúláàtì rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ iná, kò sí Flat 2. Flat A àti Flat B ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n mú A, torí lójú tiwọn, òkè ló yẹ kó ṣáájú. Flat A inú àkọsílẹ̀ yẹn ni fúláàtì ìsàlẹ̀.

Láti July 18, 2022 ni ètò tuntun ti jẹ́ kí ìyípadà máa parí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, ohun tó ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ìyípadà ṣe yá ni àṣìṣe náà ṣe yá. Kíá ni lẹ́tà ìkíni káàbọ̀ dé. Obìnrin náà pe báǹkì rẹ̀, ó ní kí wọ́n má sanwó fún ilé iṣẹ́ àtijọ́ mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, bíìlì tuntun wọlé: yúníìtì 130 péré. Inú rẹ̀ dùn débi pé méjì nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan yí padà sí ilé iṣẹ́ ọ̀hún.

Láàárín àkókò yẹn, òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pé ó dun àwọn pé ó ń lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ. Ó pe wọ́n, ó fìbínú sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìlànà tó wà fún ìyípadà tí oníbàárà ò béèrè fún. Ilé iṣẹ́ méjèèjì á bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà pé àṣìṣe ni, wọ́n á sì dá mítà náà padà síbi tó ti wá bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 20 bá kọjá tí wọn ò tíì fún oníbàárà lésì, owó gbà-má-bínú ń bẹ, £30 ni nígbà yẹn. Wọn ò jẹ́ kó débẹ̀. Wọ́n dá ti aládùúgbò padà, wọ́n fagi lé bíìlì yúníìtì 130, wọ́n sì bẹ obìnrin òkè pé kó má bínú. Gáàsì rẹ̀, tó ti bá iná lọ, nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun.

Iná tirẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ rí. Gbogbo ìgbà tó fi rò pé òun ti lọ ni wọ́n ń kọ bíìlì, báǹkì ò sì sanwó mọ́. Nígbà tó wá fi nọ́ńbà oní-díjíìtì 13 tó wà lórí bíìlì àtijọ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dí i lọ́nà, torí òfin gbà wọ́n láyè láti dá ìyípadà dúró bí gbèsè bá ti lé ní ọjọ́ 28. Owó àjọ ló fi san án. Ìyípadà kejì wá lọ geere. Nọ́ńbà bá àdírẹ́sì mu, orúkọ bá nọ́ńbà mu, ilé iṣẹ́ méjèèjì sì pa fáìlì dé.

Bíìlì tó tẹ̀ lé e tún ga bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní January 2025, ó lọ sí Nàìjíríà fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó tó jáde, ó kó ohun tó wà nínú fíríìjì fún ọ̀rẹ́, ó yọ gbogbo ohun tó wà lójú iná, ó sì fi fóònù ya fọ́tò mítà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí bíìlì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló dá a lámọ̀ràn, kí ilé iṣẹ́ má bàa fojú bu iye fún un nígbà tí kò sí nílé. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bó ṣe dé, ó tún mítà yẹn yà. Ìyàtọ̀ tó wà nínú fọ́tò méjèèjì lé ní yúníìtì 600.

Ìgbà yẹn ni wọ́n júwe ọ́fíìsì wa fún un, níbi tí a ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí bíìlì iná àti gáàsì. Ó kó lẹ́tà, bíìlì àti fóònù sórí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò sí nílé o. Ṣé òkú ló ń bá mi tanná ni?"

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí bíìlì mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń mú kí yúníìtì ga ju bó ṣe yẹ. Ilé iṣẹ́ lè máa fojú bu iye láìwo mítà. Fọ́tò méjì yẹn ti pa ìyẹn rẹ́, torí mítà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Mítà lè bàjẹ́ kó máa sáré. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mítà tó ń sáré kàn ń sọ díẹ̀ di púpọ̀ ni. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kà nínú ilé tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lójú iná. Ẹnì kan lè ti so waya mọ́ ti obìnrin náà kó máa jí iná. Tàbí kí mítà tó ń sanwó rẹ̀ má tiẹ̀ jẹ́ ti fúláàtì rẹ̀ rárá.

Àwọn ìwé ló fi èyí tó jẹ́ hàn wá. A tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, a sì ní kó kó gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan èyí tí wọ́n ti fagi lé. Kò kọ́kọ́ fẹ́ mú ìyẹn jáde. "Wọ́n ti ní àṣìṣe ni," ó ní. Bíìlì yúníìtì 130 ni. Nọ́ńbà mítà tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti bíìlì yòókù, àwọn tó kọ lẹ́tà ìkíni káàbọ̀ sì ti kọ nọ́ńbà yẹn sínú lẹ́tà wọn láti ọjọ́ kìíní láìsí ẹni tó fi í wé ti àtijọ́. Ẹ wá wo iye rẹ̀: 130 lóṣù kan, tó bá di ọdún kan, á tó 1,560. Iye tí obìnrin kan tó ń dá gbé, tó ń fi gáàsì dáná, yẹ kó máa lò gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo ìwé tó wà níwájú wa, bíìlì tí wọ́n pè ní àṣìṣe yẹn nìkan ló jọ ti obìnrin náà.

Ìyẹn ló jẹ́ ká fura pé ìyípadà tí gbogbo èèyàn pè ní àṣìṣe ló bọ́ sórí mítà tó tọ́, àti pé àtúnṣe ló dá a padà sórí èyí tí kò tọ́. Mi ò ní sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ náà purọ́. Bóyá nọ́ńbà bá àdírẹ́sì mu ni wọ́n wò, ó sì bá a mu. Àkọsílẹ̀ náà ló ti ṣì látìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ méjì sórí ìwé ìdánwò ara wọn. Ẹni tó bá ń fi orúkọ wá ìwé kò lè rí àṣìṣe yẹn láé, bó ti wù kó fara balẹ̀ tó.

Ó ku kí á fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mítà méjèèjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà lábẹ́ àtẹ̀gùn, àmọ́ a ò lè ṣe àyẹ̀wò tó dájú láìsí aládùúgbò ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń kú sí. Obìnrin náà ti lọ kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀: wọ́n ti gba iná rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí fúláàtì òkè, bíìlì rẹ̀ kéré, ó sì rí i pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá já sí òótọ́, òun ni wọ́n máa yí ojú gbèsè sí. Kí ló fẹ́ jèrè nínú kó ṣílẹ̀kùn?

Ohun tó yí ọkàn rẹ̀ padà ni ìwé ojú ewé kan tí a kọ ránṣẹ́ sí i. Láti ọdún 2018 ni Ofgem ti kà á léèwọ̀ fún ilé iṣẹ́ láti bu owó lé oníbàárà lórí iná tó ti lò ní ohun tó lé ní oṣù 12 sẹ́yìn, bí kò bá ti jẹ́ òun ló fà á. A ṣàlàyé ìyẹn fún un kí a tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. A ò tàn án: a sọ pé bíìlì rẹ̀ máa lọ sókè láti ìgbà náà lọ, pé wọ́n lè béèrè ìyàtọ̀ ọdún kan, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti san án díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló pè wá. Ẹ̀rọ tó ń mú fúláàtì rẹ̀ móoru ti bàjẹ́ tipẹ́, onílé ò tún un ṣe, hítà oníná méjì ló ń tàn látàárọ̀ dalẹ́. Ó ti máa ń yà á lẹ́nu pé iná ò wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo wa ló mọ òfin oṣù 12 yẹn, àmọ́ oníbàárà tiwa la sábà máa ń fi gbèjà. Ìgbà tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbà tí a fi gbèjà ẹni tí kì í ṣe oníbàárà wa.

Àyẹ̀wò náà kò le. A kọ́kọ́ béèrè nínú fúláàtì méjèèjì bóyá ẹnì kan ń lo ẹ̀rọ ìtọ́jú àìsàn tó ń lo iná, torí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn á kàn ti paná. Súìṣì ńlá inú àpótí fíùsì oníkálukú, nínú fúláàtì tirẹ̀, nìkan ni a ní kí wọ́n fọwọ́ kàn. Fíùsì tí wọ́n fi èdìdì dì àti waya tó wọ mítà jẹ́ ti àwọn tó ni waya àti mítà, ewu ńlá sì ni wọ́n.

Obìnrin náà pa ti òkè. Èmi dúró nídìí mítà pẹ̀lú fóònù. Mítà kọ̀ọ̀kan ní iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ 1000 imp/kWh sí i lára, ìyẹn ni pé ó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000 fún yúníìtì kan. Mítà tó wà lórí bíìlì obìnrin náà ń ṣẹ́jú lọ láìbojú wẹ̀yìn. Èyí tó wà lórí bíìlì aládùúgbò dákẹ́ lọ́gán. Wọ́n tan òkè padà, wọ́n pa ìsàlẹ̀, ó sì yí padà bírí. Lẹ́yìn náà la ní kí obìnrin náà gbé kẹ́tùlù kaná. Kẹ́tùlù tó ń jẹ 3 kW, ìyẹn yúníìtì 3 ní wákàtí kan, máa ń mú kí irú mítà yẹn ṣẹ́jú bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan. A kà á, ó tó bẹ́ẹ̀, lára mítà tí aládùúgbò ń sanwó rẹ̀.

Ìdí tí a fi pa á lọ́tùn-ún lósì ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mítà méjì máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ pátápátá. Nínú ilé tí wọ́n pín, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí yàrá kan lè rọ̀ mọ́ mítà ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mítà kì í dákẹ́, ó kàn máa ń falẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, torí iṣẹ́ oníná ni, kì í ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ti ilé yìí mọ́ kedere. Fídíò tí a yà gbé nọ́ńbà ara mítà méjèèjì jáde pẹ̀lú iná pupa wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà, tó yàtọ̀ sí oní-díjíìtì 13.

Gáàsì kò gba àkókò. A tan sítóòfù òkè, a wo mítà gáàsì tó ń yí, ó jẹ́ tirẹ̀.

Kí obìnrin náà tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tuntun pé bíìlì òun ga jù. Èsì tí wọ́n fún un ni ìwé nípa béèyàn ṣe lè dín iná tó ń lò kù, pẹ̀lú àmọ̀ràn pé kó máa pa gílóòbù. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, àmọ́ ìwé yẹn bá ẹ̀sùn tó kọ mu. Ẹni tó bá kọ pé bíìlì ga jù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí owó ni ìwé rẹ̀ máa lọ. A tún ẹ̀sùn náà kọ ní ìlà mẹ́ta: wọ́n kọ mítà méjì sí àdírẹ́sì ara wọn, nọ́ńbà wọn àti fídíò àyẹ̀wò rèé, ẹ rán ẹni tó máa wá wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí mítà ló bọ́ sí. Nǹkan ṣì falẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé láìsí ìpinnu, a gbé e lọ sọ́dọ̀ Energy Ombudsman, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ iná, tí oníbàárà kì í sanwó fún, tí ìpinnu rẹ̀ sì de ilé iṣẹ́ bí oníbàárà bá ti gbà á. Kí wọ́n tó ṣèpinnu kankan ni ilé iṣẹ́ náà ti rán ẹni tó mọṣẹ́ wá, ohun tí àwa náà rí ló sì rí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà tún un ṣe: kí wọ́n gbé waya sáàárín ara wọn, tàbí kí wọ́n gbé àdírẹ́sì sáàárín ara wọn. Ilé iṣẹ́ tó ni waya ló ń tọ́jú àdírẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mítà, wọ́n sì yan èyí kejì. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan waya. Lọ́jọ́ kan, mítà ìsàlẹ̀ di ti òkè lórí ìwé, ti òkè di ti ìsàlẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tó bá a dé lèyí tí àwọn èèyàn kì í rò tẹ́lẹ̀. Àdéhùn ọdún kan tí obìnrin náà ti bá ilé iṣẹ́ tuntun ṣe wà lórí mítà tó ti di ti aládùúgbò. Mítà tirẹ̀ gan-an sì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí aládùúgbò yàn, tí òun ò yàn rí. A ní láti béèrè pé kí wọ́n má gba owó ìjáde lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun fún oníkálukú pẹ̀lú iye tí mítà kà lọ́jọ́ tí àkọsílẹ̀ yí, kó sì tún yí padà lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò wo àdírẹ́sì rárá. Díjíìtì 13 la fi wá mítà, a sì ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ara mítà fún wa lórí fóònù kó tó gbà.

Ní ti owó, yúníìtì 2,800 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí mítà méjèèjì ń kà lọ́dún. Ní pẹ́ńsì 24.5, £686 nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ £86 tí ìyípadà àkọ́kọ́ ṣèlérí. Àríyànjiyàn tó gùn jù wáyé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ àtijọ́, tó ní bíìlì tí òun kọ bá mítà mu, pé kí obìnrin náà lọ gbowó lọ́wọ́ aládùúgbò. Èsì wa ni pé wọ́n ta iná fún un tí kò dé fúláàtì rẹ̀. Ohun tó wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́, kí wọ́n bójú tó o láàárín ara wọn. Ní England àti Wales, èèyàn lè lọ sílé ẹjọ́ fún irú owó bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún 6 sẹ́yìn, ìyẹn sì wà nínú lẹ́tà wa. Wọ́n san án. Aládùúgbò san ìyàtọ̀ oṣù 12 díẹ̀díẹ̀. Ó ti wá rí iye tí hítà méjì ń jẹ, ó sì ti kọ̀wé sí onílé nípa ẹ̀rọ amúlémóoru.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún wa pé òun fẹ́ yí ilé iṣẹ́ padà nítorí bíìlì, iye yúníìtì là ń béèrè ṣáájú iye owó. Bí iye yẹn kò bá bá bí ilé ṣe tó mu, a kì í jẹ́ kó yí padà títí a ó fi wo mítà. Ìyípadà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ máa ń kó ilé iṣẹ́ kẹta wọnú ọ̀rọ̀ tí méjì ò tíì yanjú. A tún ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ya fọ́tò mítà pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìyípadà, kí wọ́n má sì fòpin sí owó tí báǹkì ń san títí bíìlì ìkẹyìn á fi dé, èyí tó yẹ kó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ 6.

Èyí tó yí iṣẹ́ wa padà jù ni ti ìyípadà tí wọ́n bá ní àṣìṣe ni. Tẹ́lẹ̀, ohun tí à ń lé ni pé kí wọ́n tètè dá mítà padà. Ní báyìí, nínú ilé tí wọ́n pín sí fúláàtì, a máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí mítà méjèèjì kà láàárín ọdún kan, kí fáìlì tó di pípa. Ilé iṣẹ́ kì í fúnni ní ti ẹlòmíì, bó sì ṣe yẹ nìyẹn, nítorí náà aládùúgbò fúnra rẹ̀ ni èèyàn máa bẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni èèyàn ti máa rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Níbi tí mítà ìgbàlódé bá wà tó ní ojú kékeré tí wọ́n máa ń gbé sínú ilé, ẹ jẹ́ kí oníbàárà paná fúláàtì rẹ̀, kó sì wo ojú náà tó bá jẹ́ oníbátìrì. Bí iye bá ṣì ń gun òkè, ilé ẹlòmíì ló ń kà. Níbi tí ẹ̀rọ náà kò bá ti ní bátìrì, mítà fúnra rẹ̀ lẹ máa lọ wò. Bó bá sì wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, alábòójútó ilé ló sábà máa ń ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan sí ilé iṣẹ́.